Ta Ló Ní Kó Fi Kún Ọ̀rọ̀?

Ta ló rán an níṣẹ́? Ta ló ní kó fi kún ọ̀rọ̀? Eré tí a ti ń ṣe láti ọdún mọ́kànlá, tí oníkálukú mọ ibi tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, òun ló wá ń ṣe àtúnṣe rẹ̀ lójú òǹwòran. Rárá o. Mi ò ní gbà. Àgbà tí kì í bínú, àga ìjókòó ni wọ́n ń fi í ṣe.

Ìyàwó mi ni. Lórí ìtàgé ni o, kì í ṣe nílé. Tilé ti lọ sinmi, kò sì já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi rí títí ó fi lọ. Èyí, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní láti bi mí. "Kí lo fẹ́ ṣe báyìí?" Ó tán. Lẹ́yìn náà ó kàn mí, èmi káfíńtà, bàbá tí ọmọ rẹ̀ obìnrin sá nílé. Màá ní, "Màá ti ilẹ̀kùn yìí. Màá ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sódò…" títí dé ibi òjò, títí dé ibi afárá tó já, ojú ìwé kan gbáko, tí àwọn òǹwòran á ti máa fa ikun nínú òkùnkùn gbọ̀ngàn.

Lánàá ó ní, "Kí lo fẹ́ ṣe báyìí? Ṣé o fẹ́ ti ilẹ̀kùn ni?"

Ṣé mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn ni! Àyà rẹ̀ mà kì o. Ó yọ ẹran lẹ́nu mi, ó tún fi han gbogbo ará ilé.

Mo ti fún un lórúkọ. Aláfikún. Kí ó máa jẹ́ ẹ lọ.

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù tí eré máa bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó síwájú jígí. Gílóòbù méje ló yí i ká, mẹ́rin ló ń tàn, àwọn àga rọ́bà tí wọ́n tò lérí ara wọn dé àjà sì ti gba ìdajì yàrá. Yàrá ìmúra ni wọ́n pe ibí. Mo kun àtíkè sẹ́rẹ̀kẹ́ kan, mo fi ìkejì sílẹ̀. Ìbínú ni.

Mo ti bá olùdarí sọ ọ́ lánàá, bí wọ́n ṣe fa aṣọ ìkélé pọ̀ báyìí. Olùdarí, ọmọ àná tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ pákó ìtàgé tí kò fi ní dún. Mo ní òun tàbí èmi. Mo ní lẹ́yìn eré ọ̀la, mi ò bá obìnrin yẹn ṣe mọ́, kó wá ẹlòmíì. Kò tiẹ̀ wò mí lójú. Bàtà rẹ̀ ló ń wò. "Ẹ jẹ́ ká parí tọ̀la ná, bàbá." Ká parí tọ̀la ná! Ṣé bí wọ́n ṣe ń dá àgbà lóhùn nìyẹn? Nígbà tí olórí wa àtijọ́ wà láyé, ó fún mi ní ìwé eré kan lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́rú mo dá a padà fún un. Ó ní ṣé mi ò fẹ́ ni? Mo ní mo ti mọ̀ ọ́n tán. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè mí ní Akọ́sórí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó lọ bi… àwọn tí ì bá sọ ọ́ ti kú.

Gbogbo wọn ló ń wá mi níjà. Oníná náà ńkọ́? Ó dín iná kù lé mi lórí lágbedeméjì ọ̀rọ̀. "Bàbá, mo rò pé ẹ ti parí ni." Ta ló ní kó rò? Mo dákẹ́ ni. Dídákẹ́ náà, ọ̀rọ̀ ni. Òṣèré tí kò mọ dídákẹ́, ayékòótọ́ ni.

Àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì yẹn — kí ló tún gbé ti ẹ̀ṣọ́ wá báyìí? Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mò ń lọ síbi ìdánrawò, mo dé gbọ̀ngàn, ẹnì kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù dá mi dúró. "Bàbá, kí lẹ fẹ́ rà?" Kí ni mo fẹ́ rà! Mo bú u dáadáa. Mo ní kí wọ́n tó bí i ni mo ti ń gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé. Ó ṣe sùúrù, ó rọra fà mí lápá, ó ní kí n wò ó. Táìlì. Táìlì ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Wọ́n ti wó gbọ̀ngàn àtijọ́ láti ọdún mẹ́rin. Mo mọ̀! Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí katakata fi orí sọ ògiri rẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Ta ni kò mọ̀? Ẹsẹ̀ ló gbé mi lọ. Ọgbọ̀n ọdún lẹsẹ̀ fi rìn ín, ẹsẹ̀ ò mọ̀ pé ilé ti wó. Mo pẹ́ dé ìdánrawò ní wákàtí kan, mo ní ọkọ̀ ni ò yá. Aláfikún nìkan ló dìde, tó bu omi wá fún mi, bí ẹni pé mo bèèrè omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìwà rẹ̀ nìyẹn. Lórí ìtàgé, ó ti gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ kúrò lápá òsì, ó fi tì mí gbágbá. Níbi tó ti yẹ kí n yà sọ́tùn-ún, ó ń fọwọ́ ti ìgúnpá mi bí ẹni ń mú afọ́jú kọjá títì. Mo ti ní kó yéé ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Mo ti gbọ́, bàbá." Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ tún ti dé ìgúnpá.

Ó dáa. Màá fi hàn wọ́n. Níhìn-ín, lójú jígí, láìsí aláfikún kankan.

Màá ti ilẹ̀kùn yìí. Màá ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sódò. Bó bá padà wá, kó…

Kó…

Ẹ̀ẹ̀kan sí i. Màá ti ilẹ̀kùn yìí. Màá ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sódò. Bó bá padà wá —

Fáànù yìí ló ń pariwo. Mo dìde, mo pa á. Mo jókòó.

Bó bá padà wá…

"Ṣé o fẹ́ kó rí i pé ìwọ náà lè ti ilẹ̀kùn ni?"

Ó dé! Kó rí i pé èmi náà lè ti ilẹ̀kùn. Ṣebí mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ó kàn fara pamọ́ díẹ̀ ni. Ó kù… òjò. "Ta ló gbé e kọjá lọ́jọ́ tí afárá já? Ṣebí ìwọ ni?" Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo gbé e kọjá lọ́jọ́ tí afárá já. "Nínú òjò yẹn, kí ló ń sọ sí ọ létí?" Ó ń sọ sí mi létí pé —

Dúró ná.

Ohùn ta nìyẹn?

Mo fa ìwé eré yọ nínú àpò. Mo ṣí i. Ìbéèrè kan ló wà níbẹ̀. Kan ṣoṣo. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ mi ló kún ojú ìwé láti òkè délẹ̀. Kò sí "Ta ló gbé e kọjá?" Kò sí "Kí ló ń sọ sí ọ létí?" Níbo ni mo ti gbọ́ ọ? Lórí ìtàgé ni. Ohùn rẹ̀ ni, tó rọlẹ̀, bíi ti ìyàwó tó ń bẹ ọkọ. Láti oṣù mélòó? Láti ìgbà òjò? Gbogbo ojú ìwé yìí ló ti gé wẹ́wẹ́, tó ń fi bọ́ mi ní òkèlè kọ̀ọ̀kan, èmi náà ń gbé e mì, mo ń pè é ní oúnjẹ tí mo sè.

Tánàá, kí ló wá dé tí mo fi gbọ́ tánàá? Nítorí pé ó pariwo ni. Ó ti kọ́kọ́ rọra sọ ọ́. Àbí ẹ̀ẹ̀mejì ló rọra sọ ọ́? Èmi ní tèmi, mò ń wo fèrèsé tí wọ́n kùn sára pákó ìtàgé nígbà yẹn. Kí ni mò ń rò? Mi ò ro nǹkan kan. Òfìfo ni orí mi.

Wọ́n mọ̀. Gbogbo wọn. Oníná mọ̀. Èyí tó ń wo bàtà rẹ̀ mọ̀. Wọ́n jọ ń ṣàánú mi lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ta ló bẹ̀ wọ́n? Ta ló ní mo fẹ́ àánú? Orí mi gbóná. Mo fẹ́ la ìwé yìí mọ́ jígí —

"Ẹ má bínú, bàbá. Ahọ́n mi ló ṣì."

Ohun tó sọ lánàá nìyẹn. Mo dúró lé e lórí níṣojú gbogbo wọn, mo pè é ní olè. Mo ní olè ọ̀rọ̀ burú ju olè owó lọ. Ó ṣì wọ aṣọ eré. Gbólóhùn kan péré ló kù kó sọ, kó dá ara rẹ̀ láre, kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí. Ó ní ahọ́n òun ló ṣì.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Aláfikún ni, mo mọ ìkanlẹ̀kùn rẹ̀. Kò wọlé. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí lẹ́yìn pákó.

Mo gbọ́dọ̀ rí olùdarí kí wọ́n tó fa aṣọ ìkélé. Mo gbọ́dọ̀ sọ fún un pé kó má lé e. Ó máa bi mí pé, kí ló dé. Ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú ìwé eré kankan, bí mo bá sì dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa bá mi fi kún un.

Mo kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. Mo dìde.