Iṣẹ́ Tí Wenna Tregear Ṣe

Ìyáàfin Hocking, akọ̀wé ìforúkọsílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Trevannock, yí ìwé ikú náà kó lè dojú kọ Kerensa Tregear, ó sì fi ìdí bírò tọ́ka sí àárín rẹ̀.

"Ẹ kà á dáadáa kí n tó fòǹtẹ̀ lù ú. Tí mo bá ti lù ú tán, kò sí 'mo gbàgbé awò ojú mi sílé' mọ́ o."

Kerensa kà á. Orúkọ ìyá rẹ̀ pé. Ọjọ́ tó kú pé. Ó dé ibi tí wọ́n ti ń kọ iṣẹ́ olóògbé, ó sì dúró. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni: Opó Garfield Tregear, atukọ̀.

"Ìyáàfin, irọ́ nìyí."

"Irọ́ kẹ̀? Ṣé màmá yín kì í ṣe opó ni?"

"Opó ni. Ṣùgbọ́n opó kì í ṣe iṣẹ́. Ó ti pé ọdún méjìlélógún tí bàbá mi ti kú. Ta lẹ rò pé ó ń wa ọkọ̀ sọdá odò Hallan láti ìgbà náà, iwin?"

Akọ̀wé wo ìsàlẹ̀ ìwé. "Ẹni tó wá fi ikú náà sùn ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Denzil Tregear. Ẹ mọ̀ ọ́n?"

Kerensa mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni. Ní ọ̀sẹ̀ tí màmá kú, èrò ń dúró ní èbúté lójoojúmọ́, ọkọ̀ kò sì gbọdọ̀ dúró, Kerensa ló ń wà á. Denzil ní òun á lọ sí ọ́fíìsì dípò rẹ̀, inú Kerensa sì dùn pé ẹnìkan gba ẹrù kan lórí òun. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tí Denzil gbà ti wọ báńkì lọ láìjẹ́ pé Kerensa yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ tí èèyàn kò bá fojú ara rẹ̀ wò, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò ṣe é.

Ìṣòro ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Òfin àtijọ́ tó de ọkọ̀ Polhallan, abúlé wọn, sọ pé bí atukọ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ tó ń bá a gbé ló kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ọkọ̀ àti sí Ilé Èbúté tó wà létí odò, bí ọmọ náà bá mú ẹ̀dà ìwé-ẹ̀rí ikú tí ìjọba fòǹtẹ̀ lù wá síwájú ìgbìmọ̀ abúlé kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ọ̀sán ọ̀la ni yóò pé. Òtẹ́ẹ̀lì tó wà lórí òkè sì ti kọ̀wé pé àwọn fẹ́ gbé ọkọ̀ ẹ̀ńjìnnì síbẹ̀, kí àwọn sì sọ Ilé Èbúté di ilé ọtí. Bí ìwé bá sọ pé Garfield ni atukọ̀, á jẹ́ pé atukọ̀ ti kú láti ọdún méjìlélógún, ẹ̀tọ́ ọmọ rẹ̀ sì ti kú tẹ̀lé e. Kerensa ti pé ọdún mọ́kànlélógójì. Kò gbé ilé mìíràn rí.

"Ẹ bá mi pa á rẹ́," ni ó wí.

"A kì í pa nǹkan rẹ́ níbí. Ohun tí èèyàn bá ti fọwọ́ sí, ibẹ̀ ni yóò wà títí ayé. Mo kàn lè kọ àtúnṣe sí etí ìwé ni. Nǹkan méjì ni mo sì fẹ́: kí Denzil Tregear fúnra rẹ̀ wá fọwọ́ sí i, kí ẹ sì mú ìwé kan wá tí wọ́n kọ kí màmá yín tó kú, tó sọ iṣẹ́ tó ń ṣe."

"Gbogbo Polhallan ló mọ iṣẹ́ tó ń ṣe."

"Gbogbo Polhallan kò lè wọ inú fáìlì mi, Kerensa. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọ̀la ni mo máa ṣílẹ̀kùn. Ẹ má pẹ́."

*

Denzil jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ń tún ìgèrè tó fi ń pa akàn ṣe. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, kò gbójú sókè.

"Báyìí la ṣe ń kọ ọ́. Báyìí ni wọ́n kọ ti ìyá tó bí mi. Lọ wo àwọn òkúta ibojì ní ṣọ́ọ̀ṣì: opó apẹja, opó awakùsà, opó apẹja. Ọ̀wọ̀ ni mo fi ṣe."

"Ọ̀wọ̀ ta ni?"

"Ti àbúrò mi!"

"Bàbá Denzil, Ọjọ́rú wo ni ẹ kò wọ ọkọ̀ màmá mi lọ mu bíà lódìkejì odò? Ṣé bàbá mi ló ń wà yín lọ?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu rẹ mú bíi ti ìyá rẹ. Mi ò sọ pé ìyá rẹ kì í wa ọkọ̀. Mo ní orúkọ Garfield ló wà lórí pátákó èbúté."

"Nítorí pé màmá kò fẹ́ fi ọ̀dà tuntun ṣòfò ni."

"Ìwé àṣẹ ọkọ̀ ńkọ́?"

"Orúkọ bàbá ló wà níbẹ̀ náà. Wọ́n kàn ń lu òǹtẹ̀ tuntun sí i lọ́dọọdún ni."

"O ò rí nǹkan! Èmi nìkan kọ́ ni mo purọ́, ìjọba pàápàá bá mi pa á." Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lójú rẹ̀. Ó gbé ìgèrè sílẹ̀. "Ṣé wọ́n á lé ọ jáde lóòótọ́?"

"Lọ́la, tó bá ti lu aago méjìlá."

"Wá ìwé kan, èyíkéyìí. Bí o bá rí i, màá wọ ẹ̀wù ṣọ́ọ̀ṣì mi, màá tẹ̀lé ọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní lọ jókòó síwájú akọ̀wé ìjọba kí n máa pe ara mi ní òpùrọ́ lọ́wọ́ òfo."

Kerensa tú gbogbo dúrọ́ọ̀ Ilé Èbúté. Ó tú àpótí aṣọ. Ó gbọn Bíbélì. Ó rí ìwé ìgbéyàwó, ó rí káàdì ilé ìwòsàn, ó rí ìwé tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ ìfọṣọ. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tó pe Wenna ní ohunkóhun ju ìyàwó tàbí opó lọ. Obìnrin fi èjìká méjì fa àjẹ̀ fún ọdún méjìlélógún, kò sì sí ìwé kan tó rí i.

Ibi kan ṣoṣo ló kù. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sínú ilé ni Kerensa kò ti dé ti ẹ̀yìnkùlé mọ́. Màmá nìkan ló ń lò ó. Ó ní kò sí ìdí láti pa ohun tí kò tíì bàjẹ́ tì. Kerensa fi èjìká ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Lára ògiri, níbi tí ẹni tó bá jókòó yóò ti máa wò ó tààrà, lẹ́tà wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ìṣó kàn ní ìlà ní ìlà.

Ó ka ti òkè.

"Sí Wenna Tregear, Atukọ̀ Polhallan. Ó dé etí ìgbìmọ̀ pé ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, ẹ pe alága ìgbìmọ̀ yìí ní àpò ìyàngbò nígbà tó dìde dúró nínú ọkọ̀. Gẹ́gẹ́ bí atukọ̀ tí ìgbìmọ̀ yìí gbà síṣẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ máa fi ọ̀wọ̀ bá èrò sọ̀rọ̀. Èmi ni, Rundle, akọ̀wé ìgbìmọ̀."

Ó ka èkejì. Atukọ̀ pẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó ka ẹ̀kẹta. Atukọ̀ kọ̀ láti gbé ajá ìyàwó dókítà. Mọ́kàndínlógún ni wọ́n, ìbáwí ni gbogbo wọn, Rundle sì fọwọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kerensa jókòó sórí pákó ìgbọ̀nsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀, kò tíì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ṣe tán, ó lọ mú òòlù, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ yọ ìṣó náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ìwé má bàa ya.

*

Ní aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òun àti Denzil ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ẹ̀wù ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá náà wọ̀.

Ìyáàfin Hocking ka lẹ́tà mẹ́ta. Nígbà tó dé ìkẹrin, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ṣé gbogbo rẹ̀ rí báyìí?"

"Màmá mi kì í jẹ̀bi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo," ni Kerensa wí.

"Èyí tó ní 'atukọ̀ tí ìgbìmọ̀ yìí gbà síṣẹ́' tó mi. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣáájú ikú. Màá mú òmíràn kún un." Ó yíjú sí Denzil. "Bàbá, ṣé ẹ gbà pé ohun tí ẹ sọ fún wa lọ́jọ́ náà kò tọ̀nà?"

Denzil tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. "Mo sọ ọ́ bí a ṣe máa ń sọ ọ́ ni."

"Ohun tí mo bi yín kọ́ nìyẹn."

Kerensa kò ràn án lọ́wọ́.

"Kò tọ̀nà," ni bàbá náà wí níkẹyìn. "Ó mọ ọkọ̀ wà ju Garfield lọ. Garfield máa ń bẹ̀rù ìgbì. Obìnrin yẹn kò bẹ̀rù nǹkan kan. Mi ò sọ ọ́ létí rẹ̀ rí."

"Ẹ ti sọ ọ́ báyìí," ni akọ̀wé wí, ó sì ti bírò sí i. "Ẹ fọwọ́ sí i."

Ó fọwọ́ sí i. Orúkọ náà hàn ketekete. Àtúnṣe náà wà ní etí ìwé: níbi tí wọ́n kọ Opó Garfield Tregear, atukọ̀, kí a kà á sí Atukọ̀ Polhallan, opó Garfield Tregear.

"Ẹ̀dà mélòó?"

"Méjì. Ọ̀kan fún ìgbìmọ̀, ọ̀kan fún èmi."

"Àwọn èèyàn máa ń gba márùn-ún."

"Kí ni wọ́n ń fi mẹ́ta yòókù ṣe?"

Òǹtẹ̀ náà balẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

*

Nígbà tí Kerensa wọ gbọ̀ngàn Polhallan, ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá kí aago méjìlá lù. Ọ̀gbẹ́ni Rundle ti tẹ́ ìwé òtẹ́ẹ̀lì síwájú. Ó gba ẹ̀dà náà, ó kà á, ó sì fi ìka kan ṣoṣo tì í padà.

"Ohun tí mo rí kà níbí ni pé Garfield ni atukọ̀."

"Ẹ ka etí rẹ̀."

Ó kà á. "Etí ìwé. Ẹnikẹ́ni lè sọ ohun tó bá wù ú fún akọ̀wé ìjọba. Ìgbìmọ̀ yìí kò fìgbà kan rí gba obìnrin síṣẹ́ atukọ̀. Èmi ni mo ń kọ ìwé ìgbìmọ̀, ó sì yẹ kí n mọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ lóòótọ́." Kerensa tú àpò rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to lẹ́tà sórí tábìlì bí ẹni ń to káàdì ayò, títí tábìlì fi kún. "Mọ́kàndínlógún. Ẹ̀dà méjì nínú wọn wà ní ọ́fíìsì ìjọba, akọ̀wé ibẹ̀ ló ṣe é. Ẹ wò ó bóyá ọwọ́ yín kọ́ nìyẹn."

Alága ìgbìmọ̀, Petroc Nance, arúgbó kan tó sanra bí àgbá, fa lẹ́tà kan mọ́ra, ó sì kà á tán. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

"Àpò ìyàngbò! Ó pè mí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Mo dìde nínú ọkọ̀, ìgbì ń bọ̀, díẹ̀ ló kù kí n da gbogbo wa sómi." Ó nu ojú. "Rundle, ta ni atukọ̀ tí o ń bá wí fún ọdún méjìlélógún?"

"Ọ̀rọ̀ ìlànà ni, Alága..."

"Mo bi ọ́ ní orúkọ."

"Wenna Tregear," ni Rundle wí.

"Kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló gba ọkọ̀ àti ilé. Dá ìwé òtẹ́ẹ̀lì padà fún wọn. Ṣé ẹnìkan ní àtakò?" Kò sẹ́ni tó ní. Aago ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í lù, àwọn méjì lára ìgbìmọ̀ sì pàtẹ́wọ́ fún Kerensa. Denzil, tó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, pariwo "Tregear!" bí ẹni wà níbi eré ìje, ojú sì tì í lẹ́yìn náà.

Ní aago kan, èrò mẹ́ta ti jókòó sínú ọkọ̀. Kerensa tú okùn, ó sì di àjẹ̀ mú. Ìgbà náà ló rí Ọ̀gbẹ́ni Rundle tó ń sáré bọ̀ lórí àtẹ̀gùn èbúté, fáìlì lábẹ́ abíyá. Òdìkejì odò ni ilé rẹ̀ wà. Tó bá gba ojú títì, máìlì mẹ́rìnlá ni.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni obìnrin kan nínú ọkọ̀ wí. "Ẹ jẹ́ kó fẹsẹ̀ rìn ín. Ó yẹ ẹ́."

Kerensa wo omi. Ó wo ọkùnrin náà, tí èémí rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ tán.

"Atukọ̀ kì í yan èrò," ni ó wí. Ó fi àjẹ̀ kan di ọkọ̀ mú lẹ́bàá òkúta, ó sì na ọwọ́ kejì sí i. "Ẹ rọra. Àárín ni kí ẹ jókòó sí."

Rundle jókòó sáàárín. Kerensa fi ẹsẹ̀ ti èbúté sẹ́yìn, ó sì fa àjẹ̀.