Òkúta Ẹnu Ọ̀nà

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́ lónìí."

Agnes Entwistle ò tiẹ̀ gbórí sókè. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà níwájú ilé rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, garawa omi gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń họ ìdọ̀tí tí èéfín ilé iṣẹ́ òwú dà sórí òkúta ẹnu ọ̀nà láti àná. Gbogbo obìnrin Ramsclough, ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ láràárọ̀. Bí òkúta bá mọ́ tán, wọ́n á fi ẹfun kun etí rẹ̀, á funfun báláú. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, èéfín á tún ti bà á jẹ́. Wọn ò jẹ́ kíyẹn dá wọn dúró.

"Kí n má fọ̀ ọ́? Nítorí kí ni?"

Jean, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wo ọkùnrin tó bá a wá. Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní London ni Jean ti ń tẹ̀wé. Ayafọ́tò wọn ni Ọ̀gbẹ́ni Pemberton yìí.

"Wọ́n fẹ́ ya àdúgbò wa bó ṣe wà gan-an ni."

"Bó ṣe wà gan-an nìyí. Ó mọ́."

Pemberton rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, mà. Àkọlé ti wà nílẹ̀ ni. Grim up north la fẹ́ pè é."

Kò sẹ́ni tó gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí tí kò mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Grim ni wọ́n ń pe òjò tí kò dá, ògiri tó dúdú, ojú tó fà ro. Àmọ́ bí ará gúúsù bá sọ pé grim ni òkè àríwá, odindi ìlú yín ló ń bú, tòun tẹ̀rín. Inú bí Agnes gidi. Ó da omi sórí òkúta, ó sì rí i dájú pé ó kan bàtà Pemberton.

"Doris," ló fi ké sí aládùúgbò rẹ̀, "bọ́ síta o. Wọ́n wá wo ìdọ̀tí wa láti London."

Doris Kershaw gbé garawa jáde. "Ṣé tiwọn ò tó wọn ni?" Òun náà kúnlẹ̀. Kò pẹ́, obìnrin ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́nu gbogbo ilẹ̀kùn, wọ́n ń họ òkúta, wọ́n ń fi Pemberton ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan ní kó ká ṣòkòtò ẹ̀ sókè kó wá bá òun fọ tòun.

Pemberton yí ẹ̀yìn sí wọn. Ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ lọ síwájú ilé tó kángun, ilé olóògbé Ivy Shaw, tí wọ́n ti kan pákó mọ́ fèrèsé rẹ̀. Òkúta ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Èyí gan-an ni," ló wí.

Agnes gbé garawa, ó mú búrọ́ọ̀ṣì àti ẹfun. Orúnkún ń dùn ún, síbẹ̀ ó rìn dé ibẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú kámẹ́rà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ.

"Mà, kò sẹ́ni nínú ilé yìí mọ́."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo wẹ òkú ẹ̀. Ivy ò ní bá ìdọ̀tí wọnú ìwé ìròyìn yín."

Pemberton ká kámẹ́rà rẹ̀, ó lọ jókòó sínú mọ́tò. Jean nìkan ló kù síbẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ dójú tì mí, Màámi. Ṣebí ẹnu yín ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Bẹ́ ẹ bá ti ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ẹ ó wo ojú sánmà, ẹ ó ní, 'Grim.'"

Òótọ́ ni. Ojoojúmọ́ ni Agnes ń sọ ọ́, òun àti Doris, wọ́n á sì jọ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ bó bá ti sọ ọ́ tán, ó máa ń kúnlẹ̀ ṣiṣẹ́ ni. Jean kì í sí níbẹ̀ nígbà yẹn, torí Agnes fúnra rẹ̀ ló máa ń lé e: bọ́ sílé ìwé, má fọwọ́ kan omi yìí, ọwọ́ ẹ á le. Kò fẹ́ kí ọmọ òun kúnlẹ̀ láéláé. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan lọmọ náà wá mú lọ sí London.

"Mò ń sọ ọ́," ni Agnes wí. "Màá tún sọ ọ́ lọ́la. Èmi ni mò ń fọ̀ ọ́."

Jean bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ẹfun nílẹ̀, etí kóòtù tuntun rẹ̀ ń wọ́ nínú omi dúdú. Agnes la ẹnu láti sọ pé aṣọ ẹ á bàjẹ́. Kò sọ ọ́. Ó sún díẹ̀, ó fi àyè sílẹ̀ fún un.