Ilé Tí Hàlímọ̀tù Yìn

Ohun tí Hàlímọ̀tù ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́hun kò ju ẹyọ kan lọ: kí wọ́n tún fúláàtì rẹ̀ ní Peckham ṣe kí òtútù tó dé, kí Yusrah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, lè máa mí bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ògiri yàrá ọmọ náà ń lami. Nǹkan dúdú ti hù sí i lára láti ilẹ̀ dé àjà, dókítà sì ti sọ pé òun ló ń fín ikọ́ fée ọmọ náà níràn.

Àfi bí ilé-iṣẹ́ tó ni búlọ́ọ̀kù wọn ṣe kéde pé àwọn ń rán èèyàn bọ̀ wá wọn àǹfààní tí ilé olówó pọ́ọ́kú àwọn ń ṣe: ìlera àwọn tó ń gbé inú rẹ̀, ìfọ̀kànbalẹ̀ wọn, bí ilé ṣe ń gba ooru dúró. Búlọ́ọ̀kù tó bá gba máàkì tó kéré jù ni wọ́n máa kọ́kọ́ tún ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí kò le rárá. Kí a fi ojú egbò han oníṣègùn, ó parí. Làtíìfù ọkọ rẹ̀, tó ń wa bọ́ọ̀sì, tilẹ̀ kìlọ̀ fún un kó tó lọ síbi iṣẹ́ pé kó má fọwọ́ kan ògiri yẹn.

Ṣùgbọ́n àlejò ń bọ̀. Obìnrin wo ni ìyá rẹ̀ tọ́ dáadáa ní Ìsẹ́yìn tí àlejò máa bá ilé rẹ̀ ní rádaràda? Hàlímọ̀tù po bílíìṣì, ó fọ ògiri títí ojú rẹ̀ fi ń ṣomi. Ó kun ọ̀dà funfun lé e, ó ti kọ́bọ́ọ̀dù bo ibi tó kọ̀ tí kò mọ́, ó sì dín mọ́sà. Ó wá pe Yusrah, ó ní bí ẹnikẹ́ni bá bi í bí ara rẹ̀ ṣe rí, kó ní Alhamdulillah, ara òun le. Èèyàn kì í fẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn.

Ẹni tó dé ni Dámisọ́lá, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí New Cross. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí Hàlímọ̀tù. Ìkúnlẹ̀ yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Láti ìgbà náà, kì í ṣe ẹni tó wá wọn ilé mọ́, ọmọ ni. Ta ló máa wá ka ẹ̀gbin ilé rẹ̀ sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ létí?

"Aunty, ṣé ẹ happy níbí?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, ọmọ mi."

Dámisọ́lá bi í bóyá ilé ń gbóná tó. Hàlímọ̀tù ní Ọlọ́hun ń ṣe é. Àlejò béèrè ìlera ọmọ. Yusrah fúnra rẹ̀ dáhùn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Lóòótọ́, a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ta ló wá sọ fún Hàlímọ̀tù pé ilé bàbá rẹ̀ nìyẹn? Dámisọ́lá jẹ mọ́sà, ó di ìyókù lọ sílé.

Nígbà tí èsì jáde, búlọ́ọ̀kù wọn ló gba máàkì jù. Àwọn kan lápá Old Kent Road ni wọ́n máa tún tiwọn ṣe. Hàlímọ̀tù fi omijé pe Dámisọ́lá lórí fóònù, ó jẹ́wọ́ bílíìṣì, ó jẹ́wọ́ ọ̀dà, ó bẹ̀ ẹ́ kó padà wá wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

"Aunty, mo bi yín, I swear. Ẹ̀yin lẹ ní kò sí problem. Wọ́n ti share owó àtúnṣe yẹn. Ó di next year."

"Mo rò pé o máa mọ̀ ni," ni Hàlímọ̀tù wí. "Ṣebí ọmọ Yorùbá ni ẹ́."

Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mímẹ́nu tí Hàlímọ̀tù mẹ́nu ló kó ọ̀ràn bá tirẹ̀. Òtútù dé, nǹkan dúdú náà sì yọjú láti abẹ́ ọ̀dà. Ó tún fọ̀ ọ́, ó tún yọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Yusrah ti ilé ìwé dé, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ó fa oògùn sẹ́nu, kò ràn án. Ìyá gbé e pọ̀n bí ẹni pọn ìkókó, ó di ọsibítù.

Nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó rọra bi í bóyá ó ń mí dáadáa. Ètè ọmọ náà ti ń ṣú. Ó kọ́kọ́ wo ojú ìyá rẹ̀.

"Alhamdulillah," ó ń wá èémí kiri. "I'm fine."

Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí Hàlímọ̀tù gbọ́ sá lọ.

"Irọ́ ni. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ọmọ mi ò lè mí."

Nọ́ọ̀sì kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ti ń ti bẹ́ẹ̀dì náà sáré lọ. Yusrah yí ojú padà sí ìyá rẹ̀, ó ń wò ó bóyá òun dáhùn dáadáa.