Ìdákẹ́ Saimi Lórí Adágún

Ní ilé wa, ẹni tó dákẹ́ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bàbá ọkọ mi lè jókòó tì ọ́ láti àárọ̀ dọ́sàn-án kó má sọ ju "ó tutù" lọ. Nítorí náà, nígbà tí Jarmo ọkọ mi mú Saimi ọmọ wa lọ pẹja lórí adágún tó ti dì di yìnyín, tí ọmọ náà ò sọ̀rọ̀, Jarmo ò kà á sí nǹkan kan.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Saimi. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń bá a jà. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ oògùn jẹjẹrẹ sí ọ̀pá ẹ̀yìn.

Nígbà tí wọ́n wọlé, mo ní, "Ìyá apẹja, ẹja dà? Àbí ẹja ló fi yín ṣẹ̀sín?"

Kò fèsì.

"Ó ti ń ṣe fáàrí nìyẹn," ni mo wí fún Jarmo.

Ó wá kọjú sí mi. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Apá ọ̀tún rẹ̀ kàn ń fì ni. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, kìkì "mm, mm" ló jáde. Ó mọ̀ wá, ó mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

"Jarmo, ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Ta ló ń sọ̀rọ̀ nídìí ẹja?"

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ní oògùn náà ló kan ọpọlọ rẹ̀. "Kì í sábà ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń bọ̀ sípò."

"Àwọn tó kù ńkọ́?"



Ọjọ́ kejì ni Saimi tó sọ pé, "Omi." Jarmo jáde lọ sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Kò pẹ́ tí apá náà bọ̀ sípò ni dókítà ní àwọn ní láti tún gún un, kí jẹjẹrẹ má baà sá pamọ́ sínú ọpọlọ. Mo ní láéláé.

Saimi rọra ń wá ọ̀rọ̀. "Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n gún mi. Mi ò fẹ́ kú."

Wọ́n gún un lánàá. Láti ìgbà náà Jarmo ò panu dé. "Kí lo jẹ? Kí ni wọ́n ń pe ajá Kerttu aládùúgbò wa?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀!"

Nísinsìnyí ó wà ní yàrá rẹ̀, a ò gbúròó rẹ̀. Jarmo ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, èmi wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Saimi!"

"Mò ń ronú ni!"

"Máa ronú sókè, ká lè gbọ́," ni Jarmo wí. Kò fi ṣàwàdà.