Ó Ṣí, Ó Dáa

Ní ilé iṣẹ́ gọ́ọ̀mù tó wà létí òkun ní ìlú Tokuyama, kò sẹ́ni tó ń fi ojú nìkan wo nǹkan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá fáàfù kan, ìyẹn ìlẹ̀kùn páìpù, ṣí, ńṣe ni yóò na ìka sí i, tí yóò sì ké e síta pé, “Ó ṣí, ó dáa.” Ẹni tó dúró tì í náà yóò na ìka, yóò tún un ké. Àlejò tó bá kọ́kọ́ rí wọn á rò pé àwọn àgbàlagbà yìí ń bá páìpù jà. Àwọn aláṣẹ ní ojú nìkan kì í tó, pé ó yẹ kí ìka àti ohùn ràn án lọ́wọ́. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tí ohùn rẹ̀ mọ́ gaara tó ti Hozumi Yasuji.

Ìyàwó Hozumi, Fumie, kú nígbà tí ooru ọdún náà ń rọlẹ̀. Ọkùnrin náà kò sunkún níbi òkú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tẹrí ba fún ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde, ó sì ń rò ó bóyá tíì tí wọ́n sè yóò kárí. Àwọn ará àdúgbò ní ó ní ìfaradà. Ìfaradà kọ́ o. Kò sí ohun tó ń fara dà rárá ni. Inú rẹ̀ ti kú, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé fún ìgbà pípẹ́.

Gẹ́rẹ́ tí ìsinmi òkú parí ló ti gbé akoto iṣẹ́ rẹ̀ dé. Nílé, lórí pẹpẹ kékeré tó wà ní yàrá ìjókòó, egungun Fumie, èyí tó kù lẹ́yìn tí wọ́n sun òkú rẹ̀, wà nínú ìṣà tí wọ́n fi aṣọ funfun wé, ó ń dúró de ọjọ́ tí wọn yóò gbé e lọ sí itẹ́ òkú. Láràárọ̀, Hozumi á tan tùràrí, á pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, á sì yára jáde. Kò lè jókòó nínú ilé yẹn. Kò mọ ìdí rẹ̀, kò sì wá ìdí rẹ̀. Ìdí ìkòkò níbi iṣẹ́ ló ti lè dúró.

Ìkòkò ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń se gọ́ọ̀mù, orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe ìkòkò ìrẹsì. Ní ilé iṣẹ́ epo tó múlé gbè wọ́n, ẹrù ń wọ páìpù lápá kan, ó ń jáde lápá kejì, tọ̀sán-tòru. Ti ìkòkò kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkòkò a máa bẹ̀rẹ̀, a sì máa parí. Wọ́n á da oje méjì sí i, wọ́n á dé e pa, orógùn irin á máa rò ó nínú, wọ́n á sì fi ìwọ̀nba èròjà tó ń jẹ́ kí oje méjèèjì mú ara wọn sí i. Awọ méjì ni ìkòkò náà ní, àárín awọ méjèèjì ni wọ́n sì ń gba ooru omi híhó kọjá láti fi mú un gbóná. Ibi tó ti yàtọ̀ sí ìkòkò ìdáná nìyí: tó bá ti gbóná dé àyè kan, òun fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mú ooru jáde. Kò nílò iná ẹnikẹ́ni mọ́. Kíá ni wọ́n á dá omi híhó dúró, tí wọ́n á jẹ́ kí omi tútù gba àárín awọ náà, kó máa kó ooru lọ. Bí omi tútù kò bá wọ̀, ooru á máa bí ooru, ìkòkò á sì ta ìdérí rẹ̀ mọ́ òrùlé, tòun ti ẹni tó wà nítòsí. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ déédéé, wọ́n á tú gọ́ọ̀mù náà jáde fún àwọn tó ń lẹ pákó, wọ́n á fọ inú ìkòkò, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Àtúnbẹ̀rẹ̀ yẹn ló ń gbé Hozumi ró láti ọjọ́ dé ọjọ́.

“Hozumi-san, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi,” ni Kakinuma, ọ̀gá ẹ̀ka wọn, wí lẹ́yìn eré ìdárayá àárọ̀ ọjọ́ kan. Hozumi jù ú lọ lọ́jọ́ orí, nítorí náà, yàtọ̀ sí -san tó fi ń bọ̀wọ̀ fún un, ọ̀gá náà máa ń tẹrí ba fún un kó tó pàṣẹ. “Ara yín ti le jù. Ẹni tí ìyàwó ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú kì í le báyìí.”

“Ṣé kí n máa ṣàìsàn ni?”

“Rárá o. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ dúró tì yín lónìí, kẹ́ ẹ se ìkòkò kan lójú mi. Tó bá lọ bó ṣe yẹ, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, mi ò ní sọ ọ́ mọ́. Tí ò bá lọ bó ṣe yẹ, ẹ máa lọ sílé títí ẹ ó fi sin egungun ìyàwó yín. Kẹ́ ẹ lọ sinmi.”

Hozumi ní òun ti gbọ́. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, “ilé” nìkan ni etí rẹ̀ gbé.

Nishio Tamaki, obìnrin tó ń bá a dúró ti ìkòkò láti ọjọ́ pípẹ́, ti gbọ́ kí wọ́n tó sọ fún un. “Wọ́n láwọn fẹ́ dán yín wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é dáadáa o. Tí wọ́n bá gbé yín lọ, Ishikura ni wọ́n máa gbé wá bá mi, ẹni tó ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ṣé ẹ ti jẹun?”

“Mo ti jẹun.”

“Kí lẹ jẹ?”

Ó ronú, kò rántí. “Ìrẹsì.”

“Irọ́ lẹ ń pa, Hozumi-san. Ẹ gbà.” Ó ki ìṣù ìrẹsì kan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, èyí tí wọ́n fi ewé òkun wé. Èso kíkan tó máa ń mú kí ojú èèyàn fún pọ̀ wà nínú rẹ̀. Hozumi jẹ ẹ́ tán. Ojú rẹ̀ kò fún.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kakinuma ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò wọ́n. Hozumi ń ti ibì kan bọ́ sí ibì kan, apá rẹ̀ gùn gbọọrọ, ohùn rẹ̀ ń dún lára irin. Ìdérí, ó tì, ó dáa. Orógùn, ó ń yí, ó dáa. Nishio ń tẹ̀ lé e, ó ń tún un ké. Wọ́n dé ìdí fáàfù omi tútù, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣí. Bí apá irin rẹ̀ bá na tẹ̀ lé páìpù, ó ṣí. Bó bá dábùú páìpù, ó tì. Ọmọ kékeré á mọ̀ ọ́n. Àwọn tó wá fọ asẹ́ rẹ̀ lánàá ti tì í, wọ́n gbàgbé ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì dábùú lójú gbogbo ayé. Láti ọdún gbọọrọ tí Hozumi ti ń ké fáàfù yìí, kò bá a ní títì rí.

Hozumi na ìka sí i. “Omi tútù, ó ṣí, ó dáa.”

Nishio na ìka. “Ó ṣí, ó dáa.”

Wọ́n kọjá síwájú.

Oje wọlé, omi híhó gba àárín awọ, ìkòkò ń gbóná díẹ̀díẹ̀. Fóònù Kakinuma dún: awakọ̀ tó gbé oje wá ń bá ẹ̀ṣọ́ fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu géètì. “Mò ń bọ̀ o,” ó ní, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Kò pẹ́ tí ìkòkò fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú ooru tirẹ̀ jáde. Hozumi dá omi híhó dúró, ó tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ tó ń fa omi tútù, iná rẹ̀ sì tàn. Ó gbójú sókè wo abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ooru ṣe pọ̀ tó.

Abẹ́rẹ́ náà ń gòkè. Ó yẹ kó rọra dúró, kò dúró. Hozumi rí i. Ó mọ ohun tó túmọ̀ sí ju bó ṣe mọ orúkọ bàbá rẹ̀ lọ. Ó mọ̀ pé ìkòkò kò gba omi, pé tó bá fi kọjá ibi tí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe mọ́ bí kò ṣe sísá. Ó mọ gbogbo rẹ̀, ó sì dúró. Ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo òjò tó ń rọ̀ ní ìlú àwọn ẹlòmíì.

“Hozumi-san.” Ohùn Nishio gbẹ. “Hozumi-san, omi.”

Nígbà náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣípò. Kò sáré. Ó rìn lọ sídìí fáàfù, ó bá apá irin ní ìdábùú, ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á kó tẹ̀ lé páìpù. Omi kan páìpù gbàgà, ó sì wọlé. Abẹ́rẹ́ dúró létí ọ̀dà pupa, ó mì díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Nishio ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, akoto rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Èmi náà ké e,” ó ní. “Ọwọ́ yín ni mo wò. Mi ò wo fáàfù. Ẹ má sọ fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ó ti tán.”

Kakinuma gòkè padà, ó ń nu òógùn. Ó wo abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ wà níbi tó yẹ kó wà. Ó dúró títí gọ́ọ̀mù fi jinná, ó kán an sórí díńgí, ó wò ó bó ṣe ń fà. Inú rẹ̀ dùn, ó hàn lójú rẹ̀. “Hozumi-san, mo tọrọ àforíjì. Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ìkòkò yín nìyẹn, ẹ máa ṣe é lọ.”

Ohun tí Hozumi fẹ́ nìyẹn, wọ́n sì ti gbé e lé e lọ́wọ́. Ìwọ̀nba kó tẹrí ba ló kù.

“Fáàfù omi tútù tì,” ó ní. “Mo ké e pé ó ṣí.”

Kakinuma wo Nishio. Nishio ń wo bàtà ara rẹ̀.

“Ọwọ́ mi ni Nishio gbà gbọ́. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́.”

“Ẹ̀yin náà lẹ sì ṣí i, àbí?” Kakinuma ń wá ọ̀nà àbáyọ fún un, ó hàn. “Kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe. Ẹ rí i, ẹ tún un ṣe.”

“Mo rí i tó ń gòkè, Kakinuma-san. Mo dúró, mò ń wò ó. Nishio wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ̀rù ò sì bà mí.” Ohùn rẹ̀ kò yí padà. “Ẹ mú mi kúrò níbẹ̀.”

Ọ̀gá náà bọ́ akoto orí rẹ̀. Ó tẹrí ba, orí rẹ̀ sì pẹ́ kó tó gbé e sókè. Ishikura ni wọ́n ránṣẹ́ pè.

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí Hozumi pààrọ̀ aṣọ, tó sì lọ sí ibi tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ sí. Nishio sáré tẹ̀ lé e, inú ń bí i. “Kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ ọ́? Ìkòkò ti tutù. Ọ̀gá ti fi í sílẹ̀. Ta ló bi yín léèrè?”

Hozumi kọjú sí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ń gbìyànjú láti ki kọ́kọ́rọ́ bọ inú ìtìpa kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ náà kò wọlé. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún yẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ń yà á lẹ́nu.

“Ẹ̀rù ń bà mí, Nishio.”

“Ti ìkòkò? Wàyí?”

“Ti ilé. Mò ń lọ sílé, Fumie ò sí níbẹ̀.”

Nishio gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì bá a ṣí kẹ̀kẹ́ náà.