Ọkọ̀ Tó Ń Dín Eré fún Nọ́ọ̀sì

Oṣù mẹ́rin ni bàbá mi fi kọ́ ọkọ̀ wa ní ìwà ìgboro. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ wa ni kí ọkọ̀ lè máa wa ara rẹ̀ láàárín èrò, láìsí awakọ̀. Bí bàbá mi bá ti ń wakọ̀, kámẹ́rà ń wò ó, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ sì ń kọ́ ohun tó ń ṣe. Èmi ni mo mú un wá. Ẹni tó wa bọ́ọ̀sì fún ọgbọ̀n ọdún láìfọ́ gíláàsì kan, ta ni ǹ bá tún mú? Látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ yìí nìkan ló ń mú un fá irùngbọ̀n láàárọ̀.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ méjì kí a ṣe ìdánwò, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìranù. Á máa lọ geere, á ṣàdédé dín eré kù bí ẹni ń wá ojúlùmọ̀, á tún gbéra. Ọ̀gá wa ní bí kò bá jáwọ́, òun á wá awakọ̀ mìíràn tí yóò kọ́ ọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wo fídíò, ojú mi pọ́n koko. Gbogbo ibi tí ọkọ̀ ti dín eré, nọ́ọ̀sì kan wà lẹ́bàá títì nínú aṣọ búlúù. Mo wo èyí tí bàbá mi fọwọ́ ara rẹ̀ wà. Kò sí nọ́ọ̀sì kan tí kò rọra fún.

Nọ́ọ̀sì ni ìyá mi. Wọ́n ní ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà, ṣùgbọ́n ti bàbá mi mì dé inú kọ̀ǹpútà.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ nídìí oúnjẹ alẹ́. "Bàámi, ẹ ò tiẹ̀ tijú! Gbogbo nọ́ọ̀sì ìlú?"

"Aṣọ kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀," ó ní, kò gbójú sókè. "Mo kàn ń wò ó bóyá màmá ẹ ni."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá yìí! Lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógójì, ẹ ò tíì wò mí yó?"

Bàbá mi ṣèlérí pé òun ti jáwọ́. Irọ́ ńlá! Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì méjìlá ló pàdé, mọ́kànlá ló rọra fún. Ìyá mi bá gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu iṣẹ́, ó lọ jókòó tì í níwájú ọkọ̀. Ẹni tó ń wá kiri ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ló tún kù tó fẹ́ wò níta? Kò dín eré fún nọ́ọ̀sì kankan mọ́. Fídíò bó ṣe wakọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn la fi tún ọkọ̀ kọ́.

Lọ́jọ́ ìdánwò, bàbá mi jókòó sídìí sítíárìn, ó kó ọwọ́ lé itan, torí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Èmi àti ọ̀gá wà lẹ́yìn. Bí a ṣe dé iwájú ọsibítù, ìyá mi ló dúró lẹ́bàá títì yẹn nínú aṣọ búlúù, ó ń juwọ́ sí wa. Ọkọ̀ kọjá lára rẹ̀ geere, kò dín eré rárá.

Ọ̀gá pàtẹ́wọ́. Mo kígbe, "Bàámi, a ti yege! Iṣẹ́ yín dúró!" Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Bàbá mi ti yí ọrùn, ó ń wo ẹ̀yìn. Bí ọkọ̀ ṣe dúró níparí títì, tí ọ̀gá na ọwọ́ sí i láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ti ṣílẹ̀kùn, ó ti bọ́ọ́lẹ̀.

"Ibo lẹ ń lọ?"

"Màmá ẹ juwọ́ sí wa," ó ní, ó ti ń fẹsẹ̀ rìn padà kíákíá, "a ò sì dúró."