Kẹ́ẹ̀gì Omi Àwọn Arìnnà

Télọ̀ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹnu rẹ̀ mú ju sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó ní òun fẹ́ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà gígùn tó bẹ̀rẹ̀ létí òkun tó sì la orí òkè kọjá, télọ̀ ló kọ́kọ́ fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn jọ ń lọ ni. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, òun náà ló ra ẹ̀rọ ìránṣọ tó fi ń jẹun. Kò sí ohun tí télọ̀ ń wá láyé tó ju kí obìnrin náà wò ó kí inú rẹ̀ dùn.

Ìrìn náà dùn níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n rin etí òkun títí, omi ń pa ipasẹ̀ wọn rẹ́ lẹ́yìn wọn. Wọ́n gba orí pákó kọjá nínú àbàtà, wọ́n la igbó tí oòrùn kì í ráyè wọ̀, wọ́n sì dé odò kan lẹ́sẹ̀ òkè olókùúta.

Láti odò yìí lọ, kò sí omi mọ́ títí èèyàn á fi dé òdìkejì òkè. Ìdí nìyẹn tí àwọn arìnnà fi ní ìlànà kan: ẹni tó bá ń gòkè á pọn kẹ́ẹ̀gì omi kan yàtọ̀ sí tirẹ̀, á gbé e sábẹ́ àtíbàbà tó wà láàárín ọ̀nà fún àwọn tó ń bọ̀ láti òdìkejì. Àwọn yẹn á mu ún, wọ́n á sì dá kẹ́ẹ̀gì òfìfo padà sétí odò. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Orúnkún ń dun ẹ̀gbọ́n, síbẹ̀ ó nawọ́ sí kẹ́ẹ̀gì. Télọ̀ já a gbà. Ó ní ṣé òun á wà láyé kí ẹ̀gbọ́n òun máa ru omi ni, ó sì gbé e lé èjìká bí ẹni gbé ìrọ̀rí.

Kò pẹ́ tí ìrọ̀rí fi di òkúta. Ọrùn ń ro ó, okùn báàgì ń gé e léjìká, oòrùn sì ń pa á lórí. Láti òwúrọ̀, wọn ò tíì pàdé ẹnì kankan. Ta ló fẹ́ mu ún? Ó ní kí ẹ̀gbọ́n máa lọ díẹ̀díẹ̀, òun fẹ́ tọ̀. Ẹ̀yìn àpáta ló ti ṣí ìdérí, ó sì da gbogbo omi náà sílẹ̀. Ó tún kẹ́ẹ̀gì dé, ó sáré kọjá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun ń lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà. Nígbà tó débẹ̀, kò sí kẹ́ẹ̀gì mìíràn kankan níbẹ̀. Àyà rẹ̀ já díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé òfìfo sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó béèrè irú oúnjẹ tí àbúrò òun jẹ tó fi ń ru omi sáré, ó ṣàdúrà fún un, ó ní orí òun wú.

Bí wọ́n ṣe gun gegele tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pàdé bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin kékeré, tí wọ́n ń bọ̀ láti òdìkejì. Ètè ọmọ náà ti bó. Bàbá ní ìgò omi àwọn bọ́, ó fọ́ mọ́ àpáta, àtíbàbà ni àwọn gbójú lé. Ẹ̀gbọ́n na ìgò tirẹ̀ sí wọn. Ọmọ mu ẹ̀kán kan, bàbá gba ìgò lẹ́nu rẹ̀, ó dá a padà, ó ní ọ̀nà tí wọ́n ń lọ ṣì gbẹ, omi tàwọn sì ti wà nítòsí.

“Ẹ má fòyà,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Àbúrò mi yìí ló gbé e síbẹ̀. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.”

Ọmọ náà kúnlẹ̀ sórí òkúta gbígbóná. “Ẹ ṣeun, bọ̀dá.”

Télọ̀ ní kò tọ́pẹ́. Kó tó mọ̀, ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá àti ọmọ bá tiwọn lọ. Ojú ti télọ̀ débi pé kò lè wẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò sì jẹ́ kó sinmi, ó ń yìn ín lọ, ó ní ìyá àwọn ì bá wà láyé kó rí i. Bó bá dákẹ́, ọmọ yẹn á gbọn kẹ́ẹ̀gì òfìfo. Bó bá sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò ní wò ó báyìí mọ́ láéláé. Ó ń retí kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí kò ní jẹ́ kó pọn dandan láti sọ ọ́. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ó yíjú, ó ké pè wọ́n títí wọ́n fi dúró.

“Kò sí omi níbẹ̀. Mo ti dà á nù.”

Bàbá náà kò bú u. Ì bá sàn kó bú u. Ọmọ rẹ̀ ló kàn fà mọ́ra.

“Èwo lo dà nù?” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè.

“Omi wọn. Ó wúwo ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

Obìnrin náà wò ó, ó gbójú kúrò. Ó fún ọmọ náà ní ìgò rẹ̀ títí ó fi mu ún tẹ́rùn. Télọ̀ gbé tirẹ̀ fún bàbá, ẹni yẹn gbà á láìdúpẹ́. Omi wọn tán, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè lọ síwájú. Gbogbo wọn bá sọ̀ kalẹ̀ padà sódò, wọ́n mú kẹ́ẹ̀gì náà lọ́nà. Orúnkún ẹ̀gbọ́n ti wú nígbà tí wọ́n débẹ̀.

Télọ̀ pọn omi kún kẹ́ẹ̀gì, ó bẹ̀rẹ̀ kó gbé e. Ẹ̀gbọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀, ó ní kó wo orúnkún rẹ̀, kó dárí ji òun.

“Mo ti gbọ́,” ni obìnrin náà wí. “Mi ò fẹ́ kó tún wúwo fún ẹ.”

Ó gbé kẹ́ẹ̀gì lé orí, ó ń tiro gòkè. Télọ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ọmọ kékeré náà jókòó sétí odò, ó ń juwọ́ sí i, ṣùgbọ́n télọ̀ kò lè juwọ́ padà.